Alága Ìdúró, Alága Ìjókòó: Alùpùpù Àtijọ́ Tí Mo Rà ní Birmingham

Ìró tí ẹ gbọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, tó ń ṣe dù, dù, dù bí ẹni ń gún iyán láìkánjú, kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta o. Ẹńjìnnì alùpùpù mi ni. Àwọn kan nínú yín ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí Instagram, ẹ sì ti da ìbéèrè bò mí. "Àǹtí, ṣé Maruwa ni?" "Ta ló gé apá kan Maruwa sọnù?" Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé ó dà bí ọ̀kadà tó gbéyàwó. Mo ṣèlérí pé màá sọ ìtàn rẹ̀, òní ni màá sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ki íápíìsì bọ etí dáadáa, torí ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí ọwọ́ mi ṣì máa ń gbọ̀n tí mo bá ti dé ibẹ̀.

Ohun tí mo ní ni alùpùpù BSA M21 tí wọ́n ṣe ní 1958, pẹ̀lú sidecar lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpótí gígùn kan ni sidecar, tó ní ìjókòó nínú, tó ní táyà kan ṣoṣo tirẹ̀, tí wọ́n fi irin so mọ́ ara alùpùpù. Igi ni egungun tèmi, páànù ni wọ́n fi bò ó. Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń wà, nítorí ọwọ́ òsì la fi ń rìn lójú títì. Àwọn tó ń gùn ún kì í sábà pè é ní sidecar láàárín ara wọn. "Àga" ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa mí. Bó bá jẹ́ àga ni, a jẹ́ pé alága ni alùpùpù náà. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti lọ síbi ìdána rí, ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ: èmi tí mo ń gùn ún ni alága ìdúró, ẹni tó bá wọ inú àpótí ni alága ìjókòó. Àwa méjèèjì la jókòó ṣá o, ṣùgbọ́n ẹ fi mí sílẹ̀.

Mi ò wá a lọ o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bọ́ọ̀sì òru ti fojú mi rí nǹkan, ni mo bá ra alùpùpù kékeré kan tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo ṣe ìdánwò, mo gba láísẹ́ǹsì ńlá. Bàbá òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ẹni ọdún 81 nígbà yẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo kí i, mo tẹ orúnkún wálẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, bàbá rò pé kọ́kọ́rọ́ mi ló já bọ́, ó sì bá mi wolẹ̀ títí. Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á béèrè bí alùpùpù mi ṣe ń ṣe, kì í béèrè bí èmi ṣe ń ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n wá wo nǹkan. Ó ṣí gáréèjì rẹ̀. Alága ló wà níbẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó. Bàbá ti ń gùn ún láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni alága ìjókòó títí màmá fi kú. Ní báyìí èjìká rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè yí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní òun fẹ́ tà á. Ẹ má rò pé ó ta á fún mi lówó pọ́ọ́kú nítorí ìfẹ́ o! £5,200 ló pè é, mo ná an, kò yọ kọ́bọ̀. Owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi kún ti ilé ni. Ọkọ mi wò mí títí, ó ní, "Ìwọ lo ṣiṣẹ́ òru rẹ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tó ti wá, torí ìlú tí mò ń gbé yìí gan-an ni wọ́n ti bí i. Birmingham Small Arms ni BSA. Ìbọn ni wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1861, ìdí nìyí tí àmì wọn fi jẹ́ ìbọn mẹ́ta tí wọ́n fẹ̀yìn tira wọn. Ní 1910 ni alùpùpù àkọ́kọ́ wọn jáde. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ṣe M20, ẹ̀gbọ́n tèmi yìí, tó nǹkan bí 126,000 fún àwọn ológun. Jámánì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá 1940, bọ́ǹbù wó apá kan iléeṣẹ́ náà ní Small Heath, òṣìṣẹ́ 53 ló kú sábẹ́ rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n wà. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, tí mo bá gba Armoury Road kọjá níbi tí iléeṣẹ́ yẹn wà, mo máa ń rọra lọ.

Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ni alùpùpù alága. Ẹni tí kò lówó mọ́tò á ra alùpùpù, á so àga mọ́ ọn, á kó ìyàwó àtọmọ sínú rẹ̀, wọ́n di etíkun. Àwọn òṣìṣẹ́ AA, tí wọ́n ń ran ọlọ́kọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà lọ́wọ́, M21 aláwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n ń gùn káàkiri, irinṣẹ́ ló wà nínú àpótí tiwọn. Nígbà tó di 1959, mọ́tò kékeré tí wọ́n ń pè ní Mini jáde. Ó ní òrùlé, òjò kò lè pa ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n jù. Ta ló tún máa so àga mọ́ alùpùpù? Nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa, BSA fúnra rẹ̀ ti wó lulẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ló ti di nǹkan àtijọ́ o. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Lukumí, ẹ̀jẹ̀ wa, wà, alùpùpù alága ṣì ń ṣiṣẹ́ lójú títì: Ural tí wọ́n kó wá láti Soviet, Jawa ti àwọn Czech, MZ ti Ìlà-Oòrùn Jámánì. Ọ̀tún ni àga tiwọn wà. Ìyá ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń gbé bọ̀, ẹnikẹ́ni kì í dúró ya fọ́tò.

Ó dáa. Báwo lẹ ṣe ń jí i? Kò sí bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀. Ẹ máa ṣí epo. Ẹ máa tẹ nǹkan kékeré kan lórí kábúrétọ̀ títí epo á fi rin yín níka. Irin kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì tí ẹ máa fà kí iná pọ́lọ́ọ̀gì má bàa yá jù. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn jáde nínú ẹńjìnnì kí ẹ lè rọra tẹ kíìkì wá síbi tó yẹ. Ìgbà yẹn lẹ máa tó wá gbá kíìkì gan-an. Tí ẹ bá gbàgbé èyí tí mo ní ẹ fà yẹn, ó máa ta ẹsẹ̀ yín padà. Mo gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tiro lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ máa fi yí gíà, tòsì lẹ máa fi tẹ bíréèkì, ìyẹn òdìkejì ti alùpùpù òde òní pátápátá.

Ìyẹn ṣì rọrùn. Gígùn rẹ̀ ni wàhálà. Gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀kadà, ẹ lọ gbé e pamọ́. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ gbé báàgì ọjà tó wúwo sọ́wọ́ òsì, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Báàgì yẹn á máa fà yín sósì. Tí ẹ bá dúró lójijì, báàgì ò tíì fẹ́ dúró, á fò síwájú, á yí yín sọ́tùn-ún. Bí àga ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Tí mo bá fún un níná, a di òsì. Tí mo bá tẹ bíréèkì, a di ọ̀tún. Ojú títì tó tọ́ gbọọrọ, èmi ń bá a jà bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ máa gbàgbé pé ẹ ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti fi gbá ẹ̀gbẹ́ títì àìmọye ìgbà.

Ohun tó wá léwu jù ni yíyà. Lórí alùpùpù onítáyà méjì, tí ẹ bá ń sáré, tí ẹ sì fẹ́ yà sósì, ọwọ́ òsì lẹ máa ń tì síwájú díẹ̀, alùpùpù á tẹ̀ sósì, á sì yà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ò tiẹ̀ mọ̀ pé ohun tí àwọn ń ṣe nìyẹn, ara wọn ló mọ̀ ọ́n. Alùpùpù alága kì í tẹ̀. Tí ẹ bá ti ọwọ́ òsì síwájú, ọ̀tún ló máa lọ. Ṣé ó yé yín? Ohun kan náà tí ọwọ́ yín ṣe, òdìkejì ló máa yọrí sí.

Bàbá kọ́ mi nínú pápá ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan tó máa ń ṣófo lówùúrọ̀ Sunday. Ó gbé àga kan jókòó sáàárín, àga gidi, ó ní kí n máa yí òun ká. Ọ̀tún, ogún ìgbà. Òsì, ogún ìgbà. Ó ní àga tó ṣófo fúyẹ́, tí mo bá yà sósì pẹ̀lú eré, ó máa gbéra nílẹ̀. Kí n má bẹ̀rù, kí n dín iná kù, kí n gbé ara mi sósì, ó máa balẹ̀. Ó ní kí n di ẹrù sínú rẹ̀ títí ọwọ́ mi á fi mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mi ò di nǹkan kan síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyẹn, oṣù karùn-ún, òòrùn yọ. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń ka ọjọ́. Mo ti ṣèlérí fún un pé tí a bá ti jẹun ọ̀sán tán lọ́jọ́ náà, òun ni màá kọ́kọ́ gbé. Ó ti ń dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì kiri ilé láti àárọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ dá lọ ná, kí ẹńjìnnì lè gbóná. Mo gba ọ̀nà Lickey Hills lọ. Títì dára, mo ń kọrin. Máìlì 35 ní wákàtí kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Títì yà sósì. Mo yà. Ní igun ojú mi ni mo rí i tí táyà àga kúrò nílẹ̀. Kò pariwo o. Ó kàn ń gòkè bọ̀ lọ́dọ̀ mi, bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ sí mi létí. Gbogbo ohun tí bàbá kọ́ mi pátá ló fò lọ. Ara mi padà sí alùpùpù onítáyà méjì: ọwọ́ òsì mi tì, ó tì gan-an. Àga balẹ̀ gbì, Alága sì yí orí sọ́tùn-ún, ó dá títì kọjá sí ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀.

Fáànù funfun kan ń bọ̀. Mo rí ojú awakọ̀ náà. Mo rí i pé irùngbọ̀n rẹ̀ ti hu ewú. Ó yà, ó fi táyà kan gun ẹ̀gbẹ́ títì, dígí rẹ̀ kọjá níwájú mi, mo sì wọ inú koríko lódì kejì. Ẹńjìnnì kú. Ẹyẹ ń ké. Bàbá onífáànù sáré wá, ó ń béèrè bóyá nǹkan ṣe mí, mi ò lè dáhùn, torí inú àga yẹn ni mo ń wò. Ìjókòó kékeré aláwọ̀ pupa náà. Ó ṣófo.

Mo padà sílé, mo sọ fún ọmọ pé epo ti tán. Mo purọ́ fún ọmọ mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé e mọ́ra. Ọmọ náà ló fa koríko gígùn kan yọ lára táyà àga, ó mú un lọ fi han bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ẹ wo ibi tí Alága lọ." Ọkọ mi kò pariwo. Ó jẹ́ kí ọmọ sùn tán, ó ní, "Sọ ọ́ fún mi." Mo sọ ọ́. Ó ní, "Tà á." Mo sunkún, mo bínú, mo ní owó mi ni. Ó ní òun ò sọ̀rọ̀ owó.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó jàre. Àmọ́ mo tún mọ̀ pé kì í ṣe alùpùpù ló ṣìnà; èmi ni mi ò gbọ́ràn. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí: ẹnikẹ́ni ò ní wọ inú àga títí màá fi gun máìlì 1,000 pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀, títí bàbá fúnra rẹ̀ á fi sọ pé ó tó, ọkọ mi náà ló sì máa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, mo ra àpò ìrẹsì kílò 20 méjì, mo fi bẹ́líìtì dè wọ́n mọ́ ìjókòó. Àwọn ará àdúgbò rò pé mo ti ń gbé oúnjẹ káàkiri ìlú. Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, èmi àti ìrẹsì. A lọ Worcester, a lọ Stratford. Mo máa ń padà sínú pápá yẹn, màá yọ ìrẹsì kúrò, màá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àga gbéra kí n lè kọ́ bí màá ṣe dá a padà sílẹ̀. Dín iná, gbé ara. Dín iná, gbé ara. Títí mi ò fi ronú kí n tó ṣe é mọ́.

Ní ti owó àti òfin, ẹ má bẹ̀rù jù. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún, a kì í san owó orí títì lórí rẹ̀ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láti 2018, tí wọn ò bá ti tún ara rẹ̀ ṣe kọjá ààlà, kò pọn dandan kí ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Èmi ń gbé e lọ ṣá. Epo tí gbogbo èèyàn ń rà, E10, tó dé láti 2021, ọtí ẹ̀ka inú rẹ̀ ń jẹ rọ́bà àtijọ́, nítorí náà E5 tó wọ́n ni mò ń rà. Ó sì ń jo ọ́ìlì. Àwọn tó ń gun BSA máa ń sọ pé tí ẹ bá rí i tí kò jo mọ́, ọ́ìlì ti tán nínú rẹ̀ ni.

Máìlì 1,000 pé. Bàbá wọ inú àga, ó di apá rẹ̀ tó ń dùn ún mú, a jáde fún wákàtí kan. Nígbà tí a dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní gíà kejì mi ṣì ń pariwo. Mo ní, "Àga ńkọ́, sà?" Ó ní, "Àga wo? Mo sùn díẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màámi dé láti Abẹ́òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀kadà ló ṣẹ́ Màámi lẹ́sẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kò tẹ̀ dáadáa mọ́. Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá gbọ́ alùpùpù, wọ́n á ṣépè. Mo ti rò pé tí wọ́n bá rí Alága, ogun dé. Wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi ọ̀pá tẹ táyà. Wọ́n ní, "Ta lo fẹ́ gbé sínú pósí yìí?"

Mo ní, "Ọmọ ni, mà."

Wọ́n pe oríkì mi, gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń pè é tí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Wọ́n ní, "Ọmọ kọ́ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ohun tí a ò mọ̀ wò. Bá mi mú hẹ́límẹ́ẹ̀tì wá."

Òfin ò fi dandan mú ẹni inú àga láti dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì o, ṣùgbọ́n ní ilé tèmi, dandan ni. A tú gèlè, a fi síkáàfù wé orí wọn, hẹ́límẹ́ẹ̀tì wọlé. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan. Àti wọ inú rẹ̀ gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó tán, ẹsẹ̀ tí kò tẹ̀ yẹn nà gbọọrọ sínú imú àpótí, ibi tó yẹ ẹ́ gan-an. Inú mọ́tò ọkọ mi, wọ́n máa ń kérora. Níbí, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ bí ìyálóde.

Mo gba ọ̀nà Lickey. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Nígbà tí a dé ibi tí títì ti yà sósì, mo ti dín iná kù ṣáájú, táyà àga ò mira rárá. Màámi ń juwọ́ sí àwọn èèyàn. A yípo, a padà sílé. Wọ́n ní kí n pa ẹńjìnnì.

"Ibì kan wà tí o ti yà, tí èémí rẹ dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n yíjú sí ọkọ mi, wọ́n ní, "Bàbá ọmọ, ẹ jẹ́ kó gbé e. Ẹ̀rù ṣì ń bà á." Ọkọ mi wo ìyá mi, ó wò mí, ó wo àga. Ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti di okùn hẹ́límẹ́ẹ̀tì ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta.

A lọ dé ìparí àdúgbò, a padà. Máìlì 20 ní wákàtí kan. Ọmọ ní kò yá tó. Ìyẹn jẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí dòní.

A ti se àpò ìrẹsì kan jẹ nígbà Kérésì. Èkejì ṣì wà, òun ni alága ìjókòó tí mo bá dá jáde. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní alùpùpù àtijọ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìró ẹńjìnnì tiyín, ó lè wọ inú ètò tó ń bọ̀. Ẹ má wulẹ̀ béèrè iye tí màá tà á. Ó dàbọ̀ o.